Kí ló dé tí ohun tí mo kà kì í dúró lórí? Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ìrántí àti ìgbàgbé

Akàwé_Òru:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dà mí láàmú, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Mo ń múra ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ìṣirò owó. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń kàwé títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Mo lè ka orí kan lẹ́ẹ̀mẹta, kí n fi gègé aláwọ̀ fa ìlà sábẹ́ ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì yé mi kedere. Àmọ́ tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, tí ẹnì kan bá bi mí léèrè nínú rẹ̀, orí mi á kàn ṣófo ni.

Kò tán síbẹ̀. Mo lè dìde ní yàrá kan bọ́ sí òmíràn, kí n dúró sí àárín ilé láìmọ ohun tí mo wá mú. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mọ̀ mí, kó tó jókòó, orúkọ rẹ̀ ti bọ́ lọ́kàn mi. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti bàbá mi. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 70, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí wákàtí kan tó pé. Èmi fúnra mi ò tíì pé ẹni ọdún 45. Ṣé ohun tó ń ṣe wọ́n ló ti ń bọ̀ wá bá mi ni? Ibo ni ìrántí ń gbé nínú ọpọlọ gan-an, kí ló sì ń mú un sá lọ? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ má fi pa mọ́.

Olùkọ́_Ẹ̀dá:

Akàwé, ẹ kú làálàá. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé, kò sì sí ọdún tí wọn kì í bi mí ní ìbéèrè yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ibì kan wà nínú orí tí à ń to ìrántí sí, tí a óò kàn lọ mú un níbẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí ẹ fojú rí, ohùn tí ẹ gbọ́, bó ṣe rí lára yín, ibi tí ẹ wà nígbà náà, apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọpọlọ ló ń bójú tó wọn. Nígbà tí ẹ bá ń rántí, ọpọlọ ń ṣa wọ́n jọ, ó sì ń tò wọ́n pọ̀ lọ́tun lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbàgbé kókó yìí, nítorí òun ló máa ṣàlàyé ọ̀pọ̀ nǹkan tí ẹ óò gbọ́ níwájú.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣẹ́ kiri nínú ọpọlọ èèyàn tó bílíọ̀nù 86. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń fi iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́ ni ìrántí ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì méjì bá ń jí pọ̀ léraléra, ìsopọ̀ àárín wọn á máa le sí i. Lọ́dún 1973, Tim Bliss àti Terje Lømo ròyìn ohun tí wọ́n rí nínú ọpọlọ ehoro: wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ ta àwọn sẹ́ẹ̀lì náà jí lemọ́lemọ́, ìsopọ̀ wọn sì lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Eric Kandel rí ohun tó jọ ọ́ lára ìgbín inú òkun kan tó ń jẹ́ Aplysia, iṣẹ́ yẹn ló sì jẹ́ kó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2000.

Kí èèyàn tó lè rántí nǹkan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé sọ́kàn, kó fìdí múlẹ̀, kó sì ṣeé fà jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní ìgbàgbé, kò wọlé rí. Ní 1979, Nickerson àti Adams ní kí àwọn ará Amẹ́ríkà ya owó ẹyọ sẹ́ǹtì kan tó ń gba ọwọ́ wọn kọjá láti kékeré. Àwọn tó yà á bó ṣe rí kò tó nǹkan. Ojú wọn ti rí i láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ọkàn wọn ò dúró tì í rí, torí ẹni tó bá ti mọ àwọ̀ owó náà àti bó ṣe tóbi tó lè ná an. Bí orúkọ ẹni tí wọ́n fi mọ̀ yín ṣe ń bọ́ náà nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ náà, ohun tí ẹ fẹ́ sọ tẹ̀ lé e lẹ ń rò.

Èyí tó bá sì wọlé, ibi tó kọ́kọ́ ń bọ́ sí kéré. George Miller kọ̀wé ní 1956 pé nǹkan bíi 7 ni ọkàn lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó di 2001, Nelson Cowan fi hàn pé ó sún mọ́ 4 ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í pẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1959, Lloyd Peterson àti Margaret Peterson fún àwọn èèyàn ní lẹ́tà mẹ́ta péré, wọ́n wá ní kí wọ́n máa ka òǹkà sẹ́yìn ní mẹ́ta-mẹ́ta kí ọkàn wọn má bàa rí àyè pè é ní àpètúnpè. Ìṣẹ́jú àáyá 18 kò tíì kọjá tí lẹ́tà wọ̀nyẹn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán.

Alákọsílẹ̀:

Ti yàrá ni màá sọ. Ará, kò sí àìsàn kankan nínú ìyẹn. Gabriel Radvansky ti Yunifásítì Notre Dame ti ṣàyẹ̀wò rẹ̀, ó sì rí i pé tí èèyàn bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ohun tó gbé sọ́kàn máa ń ṣòro fún un láti rántí ju ìgbà tó bá rin ìwọ̀n kan náà nínú yàrá kan ṣoṣo. Ọkàn ti ka yàrá tuntun sí ọ̀rọ̀ tuntun. Àwọn tó tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn ìgbà náà sọ pé ìgbà tí ẹrù bá ti pọ̀ lọ́kàn èèyàn tẹ́lẹ̀ ló máa ń hàn dáadáa. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tó tún ń kàwé mọ́jú, ẹrù ọkàn rẹ̀ kúrò ní kékeré.

Ẹ fẹnu sọ ohun tí ẹ fẹ́ lọ mú kí ẹ tó dìde. Tó bá ti bọ́ ná, ẹ padà sí ibi tí ẹ ti dìde, kí ẹ wo ohun tí ẹ ń wò tẹ́lẹ̀. Ó máa ń padà wá, nítorí ibi tí nǹkan ti wọ ọkàn wà lára ohun tó ń pè é jáde. Godden àti Baddeley ṣe irú rẹ̀ fún àwọn òmùwẹ̀ ní 1975: ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ sábẹ́ omi, abẹ́ omi ni wọ́n ti rántí rẹ̀ jù, èyí tí wọ́n kọ́ lórí ilẹ̀, orí ilẹ̀ ló ti yá lẹ́nu wọn.

Ọmọ_Ilé_Ìkàwé:

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ló mú mi wọlé síbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ fún mi díẹ̀, torí ọ̀nà tí Akàwé ń gbà kàwé ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ń gbà, ó sì ń jẹ wá lákòókò púpọ̀.

Ará Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus. Òun nìkan, láìsí olùrànlọ́wọ́, ló fi ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1885. Ó ṣẹ̀dá nǹkan bí 2,300 sílébù tí kò nítumọ̀, ó ń há wọn sórí lọ́wọ̀ọ̀wọ́ títí tó fi lè kà wọ́n láìṣì. Lẹ́yìn náà ló máa ń fi ọwọ́ kan sílẹ̀ fún àkókò kan, kó tó padà lọ tún un há, kó wá wo bí ìnira tó bọ́ lọ́rùn rẹ̀ ṣe pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, nǹkan bí ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún ìnira náà ló bọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, 44. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, nǹkan bí 34. Lẹ́yìn ọjọ́ 31, 21.

Ẹ wo bí òǹkà yẹn ṣe ń lọ. Ohun tó gbàgbé láàárín wákàtí àkọ́kọ́ pọ̀ ju èyí tó gbàgbé láti ọjọ́ kan dé oṣù kan lọ. Nítorí náà, kí orí ṣófo ní ọjọ́ kẹta kì í ṣe àmì pé ọpọlọ yín ti ń dogbó. Bí ọpọlọ èèyàn ṣe ń ṣe sí ohun tí kò bá tún padà bá nìyẹn. Ẹ tún wo òpin rẹ̀: lẹ́yìn oṣù kan gbáko, ohun tí Ebbinghaus rò pé òun ti gbàgbé pátá ṣì dín làálàá rẹ̀ kù ní ìdá 21. Mo fẹ́ràn apá yẹn gan-an. Ohun tí kò jáde lẹ́nu lè ṣì wà nínú.

Kí la wá fẹ́ ṣe sí i? Roediger àti Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan ní 2006. Apá kan tún un kà. Apá kejì pa á dé, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí sórí ìwé òfìfo. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù: 81 nínú ọgọ́rùn-ún sí 75. Tí wọ́n bá dá a dúró síbẹ̀, gbogbo wa là bá máa tún ìwé kà lọ. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó fà á jáde rántí ìdá 56, àwọn tó tún un kà rántí 42. Fífa nǹkan jáde láti inú orí ló ń jẹ́ kó dúró, pàápàá tó bá ṣòroó fà. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Làálàá ni iyè ń mọ̀.

Akàwé_Òru:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọmọ_Ilé_Ìkàwé, ẹ jẹ́ kí n bi yín síwájú sí i. Nígbà tí mo bá ń kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó máa ń yé mi ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì sí ohun tó ṣàjèjì sí mi níbẹ̀ mọ́. Báwo ni ohun tó yé mi tó bẹ́ẹ̀ ṣe máa jẹ́ òfò?

Ọmọ_Ilé_Ìkàwé:

Ó yé yín lóòótọ́. Àmọ́ kí èèyàn rí nǹkan kó dá a mọ̀ yàtọ̀ sí kó mú un jáde nígbà tí kò sí níwájú rẹ̀. Tí ojú bá ti mọ ojú ìwé kan, ọkàn á máa gba ibẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, ìrọ̀rùn yẹn la sì ń pè ní mímọ̀. Yàrá ìdánwò ò ní gbé ojú ìwé yẹn síwájú yín. Kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, kí ẹ pa á dé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kí ẹ sọ ọ́ sókè bí ẹni ń kọ́ ẹlòmíràn. Ibi tí ẹ bá ti há, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ ṣí. Inú yín ò ní dùn sí i bíi ti àtúnkà, nítorí gbogbo ibi tí kò tíì mọ́ yín lára ló máa hàn síta. Ẹ fara dà á.

Kí ẹ wá fi àyè sáàárín. Ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ kan. Cepeda àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò fún àwọn tó lé ní 1,300 ní 2008: bí ọjọ́ ìdánwò bá ṣe jìnnà tó ni àyè tó yẹ kó wà láàárín ìgbà tí a kọ́ nǹkan àti ìgbà tí a padà sí i ṣe ń gùn tó. Ìdánwò tó bá wà ní ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí ọjọ́ kan tó. Èyí tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan, àyè náà ń lọ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Olóorun_Àtàtà:

Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lórí kíkàwé títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ibẹ̀ gan-an ló sì ń dùn mí. Ará, ẹ lọ sùn! Ní 1924 ni Jenkins àti Dallenbach ti fi hàn pé ẹni tó há nǹkan sórí tó sì sùn lé e, ohun tó máa rántí lẹ́yìn wákàtí 8 pọ̀ gidigidi ju ti ẹni tó lajú sílẹ̀ fún wákàtí 8 kan náà. Lára ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó lajú ń rí nǹkan mìíràn, ó ń gbọ́ nǹkan mìíràn, wọ́n sì ń ta ko èyí tó wà nílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí nísinsìnyí tún ti rí i pé nínú oorun àsùnwọra, ọpọlọ máa ń pe ohun tó kọ́ lójú mọ́mọ́ ní àpètúnpè, títí wọ́n á fi fìdí múlẹ̀. Wákàtí tí ẹ yọ nínú oorun láti fi kàwé, òun náà ló ń kó èyí tí ẹ ti kà lọ.

Olùkọ́_Ẹ̀dá:

Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn. Mo sì rí i pé mi ò tíì dáhùn ibi tí ìrántí ń gbé. Ẹni tó jẹ́ ká mọ̀ ọ́n jù ni Henry Molaison, ará Amẹ́ríkà tí gìrì ń dààmú láti kékeré. Lọ́dún 1953, nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 27, William Scoville ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì yọ púpọ̀ nínú hippocampus rẹ̀ lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Ẹran ara kékeré tó ká kòtò sínú ọpọlọ, ní ìtòsí etí méjèèjì, ni hippocampus. Gìrì náà dín kù. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn títí tó fi kú ní 2008, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun kan tó dúró lọ́kàn rẹ̀. Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìrònú, bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì tún pàdé ni Molaison máa ń kí i bí àlejò.

Ohun tó wà ní ìgbà èwe rẹ̀ ò lọ. Ó lè gbọ́ òǹkà mélòó kan kó sì pè é padà lójú ẹsẹ̀. Milner wá ní kó máa ya ìràwọ̀ nígbà tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú dígí, iṣẹ́ tó nira fún gbogbo èèyàn. Lójoojúmọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń mọ̀ ọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń sọ pé òun ò ṣe irú rẹ̀ rí. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ìrántí kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tí ọwọ́ mọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní tirẹ̀, èyí tí ọkàn sì ń gbé lọ́wọ́ tún yàtọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ọkùnrin yìí ni àánú rẹ̀ ń ṣe mí, mo sì máa ń sọ fún wọn pé gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn gbogbo wa.

Iyè_Pípé:

Ẹ má bínú o, gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí kò bá tèmi mu. Àwọn ọjọ́ kan wà láyé mi tí mi ò lè gbàgbé ohunkóhun nínú wọn: ibi tí mo jókòó sí, aṣọ tó wà lọ́rùn mi, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá jí mi lójú oorun, màá ròyìn rẹ̀ láìṣì.

Alákọsílẹ̀:

Mo gbà pé ó dá yín lójú. Àmọ́ ìdánilójú nìkan ò tó ẹ̀rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé èyí tí Challenger, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfuurufú, gbiná lójú ọ̀run ní January 1986, Ulric Neisser ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ibi tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ àti ẹni tó sọ fún wọn sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta lẹ́yìn náà, òun àti Nicole Harsch tún bi wọ́n. Ìròyìn ọ̀pọ̀ nínú wọn ti yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí wọ́n kọ, ó sì dá wọn lójú ṣáká. Nígbà tí wọ́n fi ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ hàn wọ́n, àwọn kan ò gbà.

Ohun tí Olùkọ́ sọ lókè náà ni: ṣíṣà la ń ṣà á jọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn bá sì sọ lè wọ inú rẹ̀. Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fọ́nrán ìjàǹbá ọkọ̀ han àwọn èèyàn ní 1974. Wọ́n bi àwọn kan pé báwo ni eré ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó nígbà tí wọ́n *kọlu* ara wọn, wọ́n bi àwọn mìíràn pé nígbà tí wọ́n *fọ́ ara wọn yángá*. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbọ́ "fọ́ yángá" sọ pé àwọn rí dígí fífọ́ nílẹ̀. Ìdá 14 péré ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tó gbọ́ "kọlu". Dígí kankan ò fọ́ nínú fọ́nrán náà. Ẹ ronú nípa ẹlẹ́rìí ní ilé ẹjọ́. Ohun tó bá ṣe pàtàkì fún yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Iyè_Pípé:

Mo gbọ́. Mo ní àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan nílé, màá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè kan: ṣé kò wá ní dára ká wá oògùn ìsọyè kan tó máa mú ọpọlọ di gbogbo nǹkan mú?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:

Oògùn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ dá, kò sí. Èyí tí wọ́n ń polówó jù, ginkgo tí wọ́n ń fi ewé igi kan ṣe, wọ́n fún àwọn àgbàlagbà lò ní Amẹ́ríkà nínú ìwádìí ńlá kan tí àwọn tó wà níbẹ̀ lé ní 3,000, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008: kò dènà àrùn ìṣarán. Ẹ tọ́jú owó yín.

Tí ó bá tiẹ̀ ṣeé ṣe, kò ní dára. Ará Rọ́ṣíà kan wà, Solomon Shereshevsky, tí Alexander Luria, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìrònú, tọ́pa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti àárín àwọn ọdún 1920 sí 1929. Ó lè ka òǹkà gígùn padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ojú èèyàn máa ń ṣòro fún un láti dá mọ̀, nítorí bí ojú kan náà ṣe ń yí padà bí inú ẹni náà ṣe ń dùn tàbí tí ń bàjẹ́ ló ń rí. Tó bá ń gbọ́ ìtàn, àwòrán ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á máa dí i lọ́wọ́ kó má mọ kókó ibi tí ìtàn ń lọ. Ìgbàgbé ló ń jẹ́ ká lè ya èyí tó ṣe pàtàkì sọ́tọ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bàbá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń pè mí. Mò ń bọ̀.

Olóorun_Àtàtà:

Kí nọ́ọ̀sì tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti orúkọ. Orúkọ máa ń ṣòro ju iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe lọ, torí iṣẹ́ ẹni máa ń fa nǹkan mìíràn lọ́wọ́: ibi tó ti ń ṣe é, aṣọ rẹ̀, irinṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ nìkan máa ń dá dúró. Pè é padà lójú ẹni náà, tún pè é nígbà tí ẹ bá ń pínyà, kí ẹ so ó mọ́ nǹkan kan tí ẹ mọ̀. Èyí tó bá wà lẹ́nu tí kò jáde, ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀. Brown àti McNeill rí i ní 1966 pé nírú àkókò bẹ́ẹ̀, èèyàn sábà máa ń mọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà àti iye sílébù rẹ̀, ìyẹn ni pé kò tíì sọnù.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:

Mo ti dé. Akàwé, ẹ jẹ́ ká ya tiyín àti ti bàbá sọ́tọ̀. Ohun tí ẹ kọ nípa ara yín, àárẹ̀ àti àìsùn ló jọ lójú mi. Ẹ ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ ń ṣe é bó ṣe yẹ, ẹ sì ń rántí pé ẹ gbàgbé. Ẹni tí àrùn ìṣarán bá ń mú bọ̀, àwọn ará ilé ló sábà máa ń rí i ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Ti bàbá, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, ẹ má sì tíì sọ pé ó ti parí. Ọjọ́ orí máa ń mú kí ìrántí falẹ̀: orúkọ á pẹ́ kó tó wá, ṣùgbọ́n á padà wá. Kí èèyàn béèrè ohun tí wọ́n ti dá a lóhùn láìpẹ́, kí ó ṣìnà ní àdúgbò tó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kí iṣẹ́ tó mọwọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ dojú rú, kí ìwà rẹ̀ yí padà, ìwọ̀nyẹn la máa ń lọ yẹ̀ wò. Nínú àrùn tí Alois Alzheimer kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Jámánì ní 1906, hippocampus tí Olùkọ́ sọ yẹn wà lára ibi tó kọ́kọ́ ń bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ohun àárọ̀ yìí fi ń lọ tí ti ìgbà èwe ṣì ń dúró.

Àmọ́ ohun mìíràn wà tó máa ń ṣe bí i tó sì ṣeé wò. Ẹ̀yà ara inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid lè má ṣiṣẹ́ tó. Fítámì B12 lè dín kù lára. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń ṣe é, pàápàá lẹ́yìn ọ̀fọ̀. Kí èèyàn máa hanrun kí èémí rẹ̀ sì máa dá lójú oorun máa ń ṣe é. Etí tó ti ń dí náà wà níbẹ̀: ohun tí bàbá ò gbọ́ dáadáa, wọn ò lè rántí rẹ̀, ẹ sì máa rò pé wọ́n gbàgbé ni. Ọtí náà ń bà á jẹ́. Àwọn oògùn kan náà tún wà: àwọn oògùn oorun kan, oògùn àtijọ́ fún ara yíyún àti imú dídí bíi chlorpheniramine àti diphenhydramine, àti àwọn kan tí wọ́n ń lò fún ìtọ̀ tí kì í ṣeé mú dúró. Ẹ má fúnra yín dá oògùn kankan dúró. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dání lọ bá dókítà, títí kan èyí tí wọ́n rà láìgba ìwé.

Akàwé_Òru:

Ẹ kú inú rere. Mo ń ka èyí, omi ń bọ́ lójú mi. Bàbá máa ń lo oògùn oorun lóòótọ́, wọ́n sì máa ń yí tẹlifíṣọ̀n sókè gan-an. Wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé ìwòsàn sétí. Báwo ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀ fún wọn? Nígbà tí wọ́n bá sì tún béèrè ohun tí mo ti dáhùn ńkọ́, ṣé kí n máa rán wọn létí pé wọ́n ti béèrè ni?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:

Ẹ pẹ̀lẹ́. Rárá, ẹ má sọ pé wọ́n ti béèrè. Ìtìjú nìkan ni ìyẹn máa dá sílẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n rántí. Ẹ dáhùn rẹ̀ ní ṣókí bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ ni. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ tàbí àkókò ni wọ́n ń béèrè jù, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri níbi tí wọ́n máa ń jókòó, kí ẹ sì jọ máa wò ó.

Ti ilé ìwòsàn, ẹ má fi ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ẹ jọ lọ yẹ etí àti oorun wọn wò, òótọ́ sì ni, torí ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, bóyá díẹ̀díẹ̀ ló ń wá tàbí lójijì, àti ohun tí wọ́n ń ṣe fúnra wọn tẹ́lẹ̀ tí wọn ò lè ṣe mọ́. Ẹ fi ìwé náà lé dókítà lọ́wọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kí wọ́n má bàa máa gbọ́ ọ bí ẹ̀sùn. Ẹ wí fún dókítà bí bàbá bá ti ṣubú tí wọ́n sì forí gbá nǹkan láìpẹ́ yìí, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ agbárí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la. Bí iyè wọn bá dàrú lójijì, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, tàbí tí ẹnu wọn bá wọ́ sápá kan, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ ò já geere mọ́, ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà lóru lọ́sàn-án. Ó lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀, ó sì lè jẹ́ kòkòrò àrùn nínú ìtọ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró. Lára àgbàlagbà, ọkàn ni irú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dà rú, nígbà mìíràn kí ara tó gbóná rárá.